Wúrà Lórí Aró: Iṣẹ́ Tí Ìwé Títẹ̀ Kò Lè Gbà Ṣe

Ní ọdún 1117, Fujiwara no Kiyohira, ọkùnrin tí àríwá ilẹ̀ Japan wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, pàṣẹ ní ìlú Hiraizumi pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo ìwé mímọ́ ẹ̀sìn Búdà kọ fún tẹ́ńpìlì Chūson-ji. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí àkájọ ìwé 5,300. Wọn kò fi tàdáwà kọ ọ́ sórí bébà funfun bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe. Bébà tí wọ́n rẹ láró títí ó fi ṣú dùdù ni wọ́n lò. Wọ́n fi wúrà kọ ìlà kan, wọ́n fi fàdákà kọ ìkejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ wọn títí dé ìparí, wọ́n sì ya àwòrán sí iwájú àkájọ kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ni iṣẹ́ náà gbà wọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lónìí, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé owó ló ń yọ bàbá yìí lẹ́nu. N kò ní pé irọ́ pátápátá ni, màá sì padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ lé iṣẹ́ náà láti inú ìkòkò aró títí dé ìgbà tí wọ́n ń fi eyín ẹranko dán wúrà, a ó rí i pé ohun tí wọ́n ń lé ju ìwé lọ. Ṣíṣe rẹ̀ gan-an ni ìjọsìn. Ìwé tó kù sílẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ìjọsìn náà wáyé.

Bébà ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ara èèpo igi mọ́bẹ́rì ni wọ́n ti sábà máa ń ṣe é ní Japan àti ní Kòríà. Fọ́nrán èèpo yìí gùn, ó sì yi, ìdí nìyẹn tí bébà náà fi lè wọnú aró, kó jáde, kó tún padà wọ̀ ọ́, láìfàya. Ọmọ Yorùbá tó mọ iṣẹ́ aláró kò nílò àlàyé púpọ̀ níbí. Ewé èlú tiwa àti ewé aró tiwọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ewéko kékeré tí wọ́n ń gbìn lọ́dọọdún ni tiwọn, ṣùgbọ́n ohun tó ń pa nǹkan láró nínú méjèèjì kò yàtọ̀. Ohun tí aláró Abẹ́òkúta tàbí ti Òṣogbo ń rí náà ni aláró Kyoto ń rí: ohun tí wọ́n rì sínú ìkòkò á jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù lójú ẹni. Ìrìbọ̀ kan ṣoṣo kò lè mú un ṣú. Àfi kí wọ́n rì í, kí wọ́n sá a, kí wọ́n tún rì í, kí wọ́n tún sá a. Kódà, bí àwọn tiwa ṣe máa ń fi òòlù igi lu aṣọ aró kó lè dán, bẹ́ẹ̀ làwọn náà ń fi òòlù lu bébà. Èrò tiwọn ló yàtọ̀ díẹ̀: lílù yẹn máa ń pa ojú bébà dé, kí wúrà má bàa rì wọ inú rẹ̀, kó lè jókòó sókè níbi tí ìmọ́lẹ̀ á ti bá a.

Wúrà ní tirẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń rà tí á sì ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ lù ú títí á fi fẹ́lẹ́ débi pé èémí ẹnu lè gbé e lọ. Wọ́n á kó o sínú àwo pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran, wọ́n á máa fi ìka ọwọ́ lọ̀ ọ́ títí tí á fi kúnná lúbúlúbú. Wọ́n á da omi sí i. Wúrà á rọ̀ sísàlẹ̀ torí pé ó wúwo, wọ́n á sì da omi òkè rẹ̀ nù. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá po ó mọ́ gọ́ọ̀mù tuntun tí wọ́n máa fi kọ̀wé. Gọ́ọ̀mù yìí nìkan tó wàhálà. Bó bá pọ̀ jù, wúrà á ṣókùnkùn. Bó bá kéré jù, ohun tí wọ́n kọ á máa gbọ̀n dànù bí ọwọ́ bá ti kàn án. Bó bá tutù, á dì, nítorí náà àwo gbọ́dọ̀ máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tàdáwà máa ń dúró nínú omi rẹ̀, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni wúrà ń lọ ṣáá, adàwékọ á sì máa rò ó bó ṣe ń kọ ọ́. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ìlà tó ń fà gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kó sì dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá gbẹ tán, kò tíì rẹwà. Ṣe ló máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni pé amọ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìgbà náà ni wọ́n á mú eyín ìmàdò tó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀, wọ́n á máa fi ra orí ìlà náà jẹ́jẹ́, wúrà á sì wá tàn. Láti ọ̀rúndún kẹjọ ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ dídán yìí ti ní ipò tiwọn lọ́tọ̀ nínú ilé ìdàwékọ ìjọba ní Japan. Fàdákà dínwó ju wúrà lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣú bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní èyí tó ń yani lẹ́nu: ìwé kan wà ní Nara, ti tẹ́ńpìlì Tōdai-ji, tí wọ́n fi fàdákà kọ sórí bébà aró ní ọ̀rúndún kẹjọ, iná jó etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1667, síbẹ̀ fàdákà rẹ̀ ṣì ń kọ mànà dòní olónìí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ wúrà lórí búlúù? Ìdáhùn àkọ́kọ́ wà nínú ìwé tí wọ́n ń dà kọ fúnra rẹ̀. Ìwé Lótọ́ọ̀sì wà lára èyí tí wọ́n dà kọ lọ́nà yìí jù lọ. Nínú orí kọkànlá rẹ̀, Búdà ń tún ayé ṣe kí àwọn Búdà yòókù lè rí ibi mímọ́ gúnwà sí: ilẹ̀ ibẹ̀ di òkúta búlúù iyebíye, okùn wúrà sì ń pààlà sí àwọn ọ̀nà rẹ̀. Ẹ wo ojú ìwé náà wàyí: ilẹ̀ rẹ̀ búlúù, ìlà wúrà sì wà láàárín ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. Ilẹ̀ tí ìwé náà ń sọ nípa rẹ̀ ni adàwékọ tẹ́ síwájú ara rẹ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Nínú ìgbàgbọ́ wọn, wúrà tún ni àwọ̀ ara Búdà, nítorí náà kò ṣòro fún wọn láti gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà yẹ kó jẹ́ wúrà. Ìwé Lótọ́ọ̀sì kan náà ló ka iṣẹ́ márùn-ún tó ń mú láádá wá fún onígbàgbọ́: kó gba ìwé náà, kó kà á, kó mọ̀ ọ́n kọ́rí, kó ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kó sì dà á kọ. Dídà á kọ dúró ní àyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjọsìn. Ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí ní èdè Ṣáínà lé ní 69,000, a sì lè fojú bu iye ìgbà tí adàwékọ á tẹ búrọ́ọ̀ṣì bọ àwo.

Àwòrán iwájú ìwé ló máa ń kọ́kọ́ mú èèyàn lójú, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Láyé ìjọba Goryeo ní Kòríà, pàápàá ní ọ̀rúndún kẹtàlá sí ìkẹrìnlá, ìwé tí wọ́n ń ṣẹ́ po ni wọ́n sábà máa ń ṣe. Bí èèyàn bá ṣí i láti ọwọ́ ọ̀tún, Búdà ló máa kọ́kọ́ rí lórí Òkè Igún ní Íńdíà, níbi tí wọ́n gbà pé ó ti wàásù, pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn àti àwọn ẹni mímọ́ tó yí i ká. Lápá òsì ni ìtàn inú ìwé máa ń wà. Ní ìdìpọ̀ kejì Ìwé Lótọ́ọ̀sì, ìtàn ilé tó ń jó la sábà máa ń rí: àwọn ọmọ ń ṣeré nínú ilé, iná ti ń yọ lórí òrùlé ní ìlà wúrà tó ká kọ́lọkọ̀lọ, bàbá wọn sì dúró níta, ó fi kẹ̀kẹ́ ewúrẹ́, ti àgbọ̀nrín àti ti màlúù tàn wọ́n kí wọ́n lè sáré jáde. Kò sí pupa nínú iná yẹn, kò sí òjìji, kò sí àwọ̀ ara. Ìlà wúrà nìkan ni, àti òkùnkùn aró tí wọ́n fi sílẹ̀. Ayàwòrán Goryeo kì í fẹ́ fi àyè kankan sílẹ̀; ó máa ń fi ìlà kún ìkùukùu, ó máa ń fi òdòdó kún etí aṣọ, àfi bí ẹni tí àlàfo ń bà lẹ́rù. Àwọn ti Japan máa ń fi àyè sílẹ̀, wọ́n á fi fàdákà ya òkè àti omi, wọ́n á fi wúrà ya èèyàn. Tiwọn ló wù mí jù lójú, ṣùgbọ́n ti Kòríà ló ń fi ìfaradà ọwọ́ hàn jù. Ohun tó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa ni pé àwòrán yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Búdà kan náà, òkè kan náà, ìjókòó kan náà, láti ìwé dé ìwé, láti ọdún dé ọdún. Ayàwòrán tó bá ń wá orúkọ fún ara rẹ̀ kò ní í fara mọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń sin lè fara mọ́ ọn, nítorí pé bí wọ́n bá ṣí ìwé náà, ìpéjọ orí òkè yẹn ló tún ń pé.

Ẹ̀rí tó le jù tí mo ní ni ti ìwé títẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àìsí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló mú kí wọ́n máa fọwọ́ kọ irú ìwé yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láàárín ọdún 764 sí 770, ìjọba Japan tẹ àdúrà kúkúrú sórí bébà, wọ́n kó wọn sínú àwọn ilé ìṣọ́ kéékèèké onígi tí ìtàn sọ pé wọ́n tó mílíọ̀nù kan. Nínú ọ̀rúndún kan náà ni wọ́n ń fi wúrà kọ̀wé sórí bébà àlùkò fún àwọn tẹ́ńpìlì ìpínlẹ̀ tí Ọba Shōmu pàṣẹ wọn ní ọdún 741. Ní ọdún 868, wọ́n tẹ ìwé kan ní Ṣáínà, èyí tó wà ní Ilé Ìkàwé ìjọba ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù báyìí, ó sì ní àwòrán Búdà tó ń wàásù ní iwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti àwọn tí à ń sọ. Ní Kòríà ńkọ́? Láàárín ọdún 1236 sí 1251, wọ́n gbẹ́ gbogbo ìwé mímọ́ náà sára pákó tó lé ní 80,000, tí wọ́n ṣì wà ní tẹ́ńpìlì Haeinsa títí di òní. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí Kòríà bá fẹ́ ìwé kíkà, pákó ti wà nílẹ̀. Tàdáwà àti bébà funfun ló kù. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ pákó wọ̀nyí tán ni iṣẹ́ wúrà lórí aró wá gbilẹ̀ jù, lábẹ́ Ọba Chungnyeol tó jọba láti 1274 sí 1308, tí ilé ìdàwékọ oníwúrà àti ti onífàdákà wà láàfin. Bí iná mànàmáná bá ti dé tí èèyàn ṣì ń tan fìtílà nínú ilé ìjọsìn, ó yẹ ká mọ̀ pé kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Ẹ̀rí mìíràn tún wà pé kì í ṣe torí kíkà nìkan: ní Chūson-ji kan náà, wọ́n to ọ̀rọ̀ ìwé mímọ́ kan sórí bébà aró lọ́nà tó fi di àwòrán ilé ìṣọ́ gíga, mẹ́wàá ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ló di òpó, ọ̀rọ̀ ló di òrùlé, wọ́n sì kéré débi pé ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lójú. 

Àtakò tó yẹ ká kọ́kọ́ dáhùn ni ti ọlá. Wọ́n lè sọ pé àlàyé ìjọsìn yìí ni àwọn ọlọ́rọ̀ fi bo àṣehàn wọn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Kiyohira ní wúrà. Láti ọdún 749 ni wọ́n ti ń wà á ní agbègbè Mutsu, kò sì sí bí ẹni tó kọ́ tẹ́ńpìlì tó bò látòkèdélẹ̀ pẹ̀lú wúrà ṣe lè sọ pé òun kò fẹ́ kí aráyé rí òun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìtàn ọkùnrin náà pẹ̀lú. Wọ́n bẹ́ bàbá rẹ̀ lórí nínú ogun ní ọdún 1062, nígbà tí òun ṣì wà lọ́mọdé. Nínú ogun kejì, ọmọ ìyá rẹ̀ ló pa ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Nínú àdúrà ìyàsímímọ́ Chūson-ji ní ọdún 1126, àwọn tó kú sógun ló gbàdúrà fún, tọ̀tá tọ̀rẹ́, títí kan àwọn ẹranko tí wọ́n pa. Ẹni tó fẹ́ fi ọrọ̀ hàn ní ọ̀nà tó rọrùn ju kó máa náwó sórí ohun tí wọ́n máa ká tí wọ́n á sì kó sínú àpótí. Ìwé aró kì í dà bí ère tó dúró síta. Ìgbà tí wọ́n bá pa á dé, aró àti òkùnkùn nìkan ló kù fún wúrà rẹ̀.

Àtakò kejì mú ju ìyẹn lọ: òfin àwọn mọ́ǹkì Búdà kọ̀ fún wọn láti gba wúrà àti fàdákà. Báwo wá ni wọ́n ṣe ń fi ìka lọ̀ ọ́ nínú àwo? Èsì tèmi ni pé owó ni òfin yẹn ń lé sá, iṣẹ́ yìí sì ni ọ̀nà tó dájú jù láti mú kí wúrà má ṣe jẹ́ owó mọ́. Wúrà tó ti kúnná, tó ti mọ́ gọ́ọ̀mù, tó ti di ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ lórí bébà, kò sí ọjà tí wọ́n á gbé e lọ. Wọ́n ti náwó rẹ̀ tán, kò sì ní í padà wálé.

Èyí tó kẹ́yìn ló ṣòro jù, pé àwọn ọba àti ìjòyè ló ń náwó, àwọn mọ́ǹkì àti oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ìjọsìn, ta ló wá jọ́sìn? Ní ọdún 1290, àwọn mọ́ǹkì adàwékọ tó tó ọgọ́rùn-ún ni Goryeo kó lọ sí ààfin Yuan ti àwọn Mongol ní Ṣáínà, torí pé àwọn Mongol, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá lórí Goryeo nígbà náà, béèrè fún wọn. Ẹni tí wọ́n kó lọ báyìí lè má rí ara rẹ̀ bí olùjọsìn. Mo gba èyí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí àwọn Mongol béèrè. Wúrà kò wọ́n wọn, bébà kò sì ṣòro fún wọn láti rí. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ náà ni wọ́n ń wá, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n mọ̀ pé agbára rẹ̀ wà. Ní ti láádá, ìgbàgbọ́ wọn gbà pé ó ṣeé pín: ẹni tó náwó ní tirẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ní tirẹ̀, wọ́n sì lè fi ránṣẹ́ sí òkú. Àkọsílẹ̀ kan fi èyí hàn kedere. Láàárín ọdún 754 sí 755, láyé ìjọba Silla ní Kòríà, wọ́n da ìwé mímọ́ kan kọ; funfun ni bébà inú rẹ̀, ṣùgbọ́n àlùkò ni èèpo ìwé náà, wúrà àti fàdákà ni wọ́n sì fi yàwòrán sí i. Ní ìparí rẹ̀, wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é: omi olóòórùn dídùn ni wọ́n ń bu sí ìdí igi mọ́bẹ́rì kí ó tó di bébà, ẹni tó bá sùn, tó jẹun tàbí tó lọ sí ilé ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ wẹ̀ kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́, bí àwọn adàwékọ bá sì ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn onílù àti onífèrè máa ń ṣáájú wọn, wọ́n á máa da òdòdó sí ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n to orúkọ sílẹ̀, orúkọ ẹni tó ṣe bébà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn tó kọ ọ́ àti àwọn tó yàwòrán. Ibi tí wọ́n bá ti ka iṣẹ́ sí ọ̀nà lásán, wọn kì í rántí orúkọ ẹni tó ṣe bébà.

Nígbà tí ìjọba Joseon gba Kòríà ní ọdún 1392, ẹ̀kọ́ Confucius ni wọ́n gbé ga, ọwọ́ ààfin sì rọ lórí iṣẹ́ wúrà. Ní Japan, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Toyotomi Hidetsugu kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé Kiyohira kúrò ní Hiraizumi ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. 4,296 nínú wọn wà lórí Òkè Kōya báyìí, 15 péré ló ṣẹ́ kù ní Chūson-ji. Ní ọdún 2020, ìjọba Kòríà Gúúsù fi iṣẹ́ ìdàwékọ yìí sínú àkójọ àwọn àṣà tí orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ dáàbò bò, àwọn tó ń fi wúrà kọ̀wé sórí bébà aró sì tún ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wà ní New York lè rí Ìwé Lótọ́ọ̀sì kan ti Goryeo ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ béèrè kí ó tó wọkọ̀ lọ, nítorí ìmọ́lẹ̀ máa ń pa aró, wọn kì í sì gbé irú rẹ̀ síta pẹ́.